Wàláà Méjìlá fún Mówè

Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìfọ̀ láyé ìgbà yẹn, tó béèrè ilé Bàbá Oníwàláà, ọmọdé lásán ni yóò fọwọ́ júwe rẹ̀ fún un. Kì í ṣe pé ilé náà ga, kì í sì í ṣe pé ó lẹ́wà. Yàrá méjì tí Sàlísù háyà lọ́wọ́ onílé ni, pẹ̀lú àtíbàbà páànù níwájú, àmọ́ abẹ́ àtíbàbà yẹn ló ti ń gbẹ́ wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ ilé kéwú fi ń kọ́ kíkà àti kíkọ, láti Ìfọ̀ títí dé Abẹ́òkúta. Igi ọmọ̀ ló fẹ́ràn jù. Ó ní arère máa ń mu tàdáwà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, pé bí ọmọ bá fọ ẹ̀kọ́ àná kúrò lórí rẹ̀, ẹ̀kọ́ àná á tún máa yọjú lábẹ́ tòní. Ọ̀rọ̀ igi ni ẹ óò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ igi náà ni lọ́sàn-án. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ igi, ẹ gba ibòmíràn lọ.

Ìwó ló ti wá. Alùfáà ni bàbá rẹ̀, ó sì ní akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ. Ó fẹ́ kí Sàlísù jókòó sórí awọ àgùntàn lẹ́yìn òun, àmọ́ ikú kò jẹ́. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kéwú dé ìdajì ni bàbá dákẹ́, ni ẹbí bá ní kó lọ kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kó lè tètè dá dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tí ìkọ̀wé rẹ̀ rẹwà ju ti ọ̀pọ̀ alùfáà lọ, tí ìmọ̀ rẹ̀ kò sì tó tiwọn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn ún. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, ẹ pè é ní Alùfáà láàárín èrò.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Fàsílátù. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Sàlísù kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń di irun fún un, dídì tí kò gún, tí àwọn obìnrin àdúgbò á tún tú tí wọ́n á sì tún un dì. Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, á jókòó ti bàbá rẹ̀, á máa fi ewé ìpín ha wàláà títí tí yóò fi dán. Èyí tó bá dán, bàbá á kọ háráfì Lárúbáwá kan sí i lókè, ọmọ á kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Kó tó pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ti ń ka ohun tí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ń kọsẹ̀ lé lórí. Sàlísù kì í yìn ín lójú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń fi í yangàn fún gbogbo oníbàárà tó bá ní sùúrù láti gbọ́.

Ọmọ yìí náà ló mú Sámúẹ́lì wálé lọ́dún 1985. Sámúẹ́lì ń tún rédíò ṣe ní Mówè, ó sì ní lọ́kàn láti di ajíhìnrere. Fàsílátù ní Sámúẹ́lì ni òun máa fẹ́, pé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ ni àwọn yóò jọ máa lọ. Àwọn àgbà ilé ọkọ wá, Sàlísù kò jẹ́ kí wọ́n fi omi kan ẹnu. Ojú wọn ló ti kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Lọ. Tẹ̀ lé wọn. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ wọlé mi mọ́, àfi lọ́jọ́ tí mo bá fi ẹnu ara mi pè ọ́."

Ẹ gbọ́ ná. Ta ni kò mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń parí nílẹ̀ wa? Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Bàbá yóò lé ọmọ jáde, ọmọ yóò wá àgbà méjì mẹ́ta lọ bẹ bàbá. Bàbá yóò kọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, yóò kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta yóò ní kí wọ́n dìde nílẹ̀ tútù. Ohun tí Sàlísù ń retí nìyẹn. Ó tilẹ̀ ti to gbogbo ọ̀rọ̀ líle tí òun yóò kọ́kọ́ sọ kóun tó gbà. Àmọ́ ó gbàgbé irú ọmọ tí òun bí. Fàsílátù kò wá, kò sì rán ẹnikẹ́ni. Oṣù kan di ọdún kan, ọdún kan di mẹ́ta.

Àárò ọmọ náà sọ ọ́. Kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ kó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ se ìrẹsì, ọwọ́ rẹ̀ á bu ti ẹni méjì, á sì jẹ àjẹkù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìbínú. Bó bá dé ibùdókọ̀, á wá awakọ̀ tó gba Mówè kọjá. "Ṣé òjò ti rọ̀ ní Mówè?" "Ṣé wọ́n rí omi mu dáadáa níbẹ̀?" Ó béèrè títí tí àwọn kan fi rò pé ó ti ra ilẹ̀ síbẹ̀. Kò béèrè ènìyàn rí.

Oyẹ́ ọdún 1988 ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí bàbá kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú yà sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Pásítọ̀ Bádéjọ ni wọ́n ń pè mí. Mówè ni mo ti ń bọ̀."

Irin tí Sàlísù fi ń gbẹ́gi dúró lórí igi. "Mówè," ó ní. Ó wá rántí pé àlejò ló wà níwájú òun. "Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ jókòó."

Pásítọ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó ní ilé ìwé Bíbélì kékeré kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ Lotto ní Mówè tí òun ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ máa wàásù. Ó ń kọ́ wọn ní èdè Árámáíkì díẹ̀, èdè tí Jésù fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ kò wọ̀ wọ́n lórí.

"Tí mo bá kọ ọ́ sí bláákíbọ́ọ̀dù, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní 'Yes sir.' Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti fò lọ. Mo wá rò ó pé àwọn ọmọ kéwú kì í gbàgbé tiwọn. Mo ní, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ wàláà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn."

"Wàláà nìkan kọ́," Sàlísù dáhùn. "Pàṣán náà ń ṣe tirẹ̀."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ awò kó lè nu ojú. Wàláà méjìlá ló fẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó jinlẹ̀ débi tí ìka ọwọ́ yóò lè máa tọ̀ ọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá máa fi tàdáwà kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lámẹ́dì ni lẹ́tà náà ń jẹ́. Ó ní ẹ̀kọ́ kíkọ́ ló wà nídìí orúkọ yẹn, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

"N kì í gbẹ́ ohun tí n kò bá lè kà," Sàlísù ní. "Ẹ kọ́ mi ná."

Pásítọ̀ Bádéjọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ́ èérún igi pẹrẹsẹ, ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Lẹ́tà náà ní ọrùn gígùn tó yọ sókè ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sórí ìlà, ó yà sọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ padà sísàlẹ̀ lápá òsì. Ìyẹn nìkan ni. Sàlísù wò ó, ó ní iṣẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù nìyẹn, ó gba igi lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò rí i kọ. Ọrùn gún dáadáa, àmọ́ bó bá ti délẹ̀, ọwọ́ tó ti ń kọ làámù ti Lárúbáwá fún ogójì ọdún á kọ̀ láti yà sọ́tùn-ún, á wa kòtò rogodo sísàlẹ̀.

"Ẹ má wa kòtò sí i, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó yà lọ ná, kó tó padà."

"Mo rí i. Ọwọ́ ni ò gbọ́."

Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Àgbàlagbà tí gbogbo ilé kéwú ń wárí fún ìkọ̀wé rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ lórí èérún igi bẹ́ẹ̀, tó ń làágùn lórí lẹ́tà kan. Ní ẹ̀ẹ̀keje ló tó rí i gbé kalẹ̀. Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó sì wo lẹ́tà náà bí ẹni ń wo àlejò tó jọ ẹnìkan.

"Bàbá kan náà ló bí eléyìí àti làámù," ó ní. "Ọ̀kan dúró sílé, ọ̀kan rìnrìn àjò."

Pásítọ̀ wò ó pẹ́. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ó sì gbé e mì. Dípò rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó kọ lẹ́tà mìíràn sí apá òsì lámẹ́dì. "Aláfù nìyẹn. Álífù tiyín ni. Ẹ ka méjèèjì pọ̀."

Sàlísù kà á láti ọ̀tún sí òsì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Ìwó. "Lá."

"Kí ló túmọ̀ sí lọ́dọ̀ yín?"

"Rárá. Bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn elédè Árámáíkì náà nìyẹn."

Inú Sàlísù kọ́kọ́ dùn pé òun kàwé ní èdè tí òun kò gbọ́ rí. Lẹ́yìn náà inú náà bàjẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, rárá ni òun kọ́kọ́ kà, irú ọ̀rọ̀ tí òun fi lé ọmọ òun lọ. Ó fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́, ó sì ní kí Pásítọ̀ padà wá wo bí òun ṣe ṣe èyí àkọ́kọ́.

Pásítọ̀ padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló pẹ́ ju bí iṣẹ́ ṣe tó lọ. Á jókòó, á mu omi, á ti ìka bọ lámẹ́dì orí igi, á ní ó dára. Sàlísù á béèrè bí òjò Mówè ṣe ń ṣe. Pásítọ̀ á ní kò tíì rọ̀. Sàlísù á béèrè bóyá ọ̀nà ibẹ̀ dára. Pásítọ̀ á ní ó dára, pé àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń ránṣọ, àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Á wá dákẹ́, á máa wò ó. Ṣebí ẹnu kan ló kù tí yóò là? Ṣùgbọ́n bàbá tó bá kọ́kọ́ béèrè ọmọ tó lé jáde ti jẹ́wọ́ fún àlejò nìyẹn, kò sì fẹ́ jẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń dákẹ́ mọ́ ara wọn nìyẹn títí ọkọ̀ tí Pásítọ̀ fẹ́ wọ̀ á fi kún.

"Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ gbé wọn wá, ẹ jọ̀ọ́," Pásítọ̀ ní lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn. "Sátidé tó ń bọ̀. Sátidé ni gbogbo wa máa ń pé."

Kí Sátidé náà tó pé, iṣẹ́ ti parí. Méjèèjìlá fara ti ògiri, wọ́n dán, lámẹ́dì sì ga ọrùn lórí gbogbo wọn. Àmọ́ Sàlísù kò gbé wọn lọ. Ẹ ò rí bí ènìyàn ṣe ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣera rẹ̀! Ó ti ṣèṣirò nínú ara rẹ̀ pé bí òun kò bá lọ, ilé ìwé yóò rán akẹ́kọ̀ọ́ wá kó ẹrù wọn. Sámúẹ́lì fẹ́ di ajíhìnrere, Mówè kò sì tóbi, kò ní ṣàìsí nílé ìwé náà. Ta ló mọ Ìfọ̀ bíi tirẹ̀ níbẹ̀? Òun ni wọn yóò rán. Bí ọkọ bá sì ń bọ̀ wá sílé àna rẹ̀, ìyàwó yóò tẹ̀ lé e, ẹ̀bẹ̀ tí òun ti ń retí fún ọdún mẹ́ta yóò wá délé láìjẹ́ pé òun béèrè.

Ó dúró. Sátidé kọjá. Ó ń fi tàdáwà kọ lámẹ́dì láràárọ̀ kí ọwọ́ má baà gbàgbé, ó sì ń wo ojú ọ̀nà. Sátidé kejì kọjá, ẹ̀kẹta kọjá, ẹ̀kẹrin kọjá.

Nọ́fíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn ojú irin, ló wá ra wàláà, tó rí méjìlá tí eruku ti bò.

"Ìyẹn kì í ṣe ti Mówè? Ta lò ń dúró dè, Sàlísù?"

"Àwọn tó ni ín mọ ọ̀nà ibí."

"Ìwọ náà mọ ọ̀nà ọ̀hún. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. O ti ń sọ tìrẹ fún ọdún mẹ́ta, ẹyẹ wo lo rí pa?"

Nígbà tí Sátidé karùn-ún mọ́, Sàlísù ti kó wàláà sínú àpò, ó ti wọ bùbá tó lọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wọkọ̀ dé Ṣàngó, ó wọ òmíràn dé Ọjọ́dú, ó sì wọ èyí tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn. Jálẹ̀ ọ̀nà, ó ń tún ohun tó fẹ́ sọ sọ nínú ọkàn. Kò ní bẹ̀bẹ̀, kò sì ní bínú. Bó bá ti rí ọmọ náà, á kàn sọ pé, "Fàsílátù, bu omi wá fún mi," bí ìgbà tó ṣe pé àná ni wọ́n jọ jẹun. Kò sí ọmọ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ máa rán níṣẹ́ tí kò ní mọ̀ pé ìjà ti parí. Ó wù ú bó ṣe rò ó. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá Ìbàfò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ilé ìwé náà kò ju gbọ̀ngán onípáànù kan lọ, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn kan níta lábẹ́ igi máńgòrò. Pásítọ̀ Bádéjọ jáde. Kò wo àpò wàláà rárá, ojú Sàlísù ló ń wò.

"Bàbá," ó ní. "Háà, Bàbá. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Ó fà á jókòó. Ó ní òun kò ní fi ohunkóhun pa mọ́ mọ́. Fàsílátù ló rán òun sí Ìfọ̀. Sámúẹ́lì ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò mọ lámẹ́dì kọ, ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ọ nílé, tó ní kò le, pé làámù àti lámẹ́dì jọ jẹ́ ìbátan ni. Ó ní lórí wàláà ni bàbá òun fi kọ́ òun, kò sì sí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ bíi bàbá òun.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta. Àmọ́ ó bẹ̀ mí pé n kò gbọdọ̀ dárúkọ òun àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ béèrè òun. Ó ní bàbá òun kì í sọ̀rọ̀ méjì, pé ẹ ní ẹ máa pe òun. Tí èmi bá là á fún yín, ó ní èmi ni mo pe òun nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yin. Mo jókòó tì yín títí, òjò lẹ̀ ń béèrè."

Sàlísù gbé àpò wàláà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé, ó wá jókòó síbí, lórí bẹ́ǹṣì yìí, òun àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Sátidé mẹ́rin ló fi jókòó bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ?"

"Obìnrin ni. Ìbùkún. Ó ń rá kòrò báyìí."

"Wọ́n dà?"

Pásítọ̀ wolẹ̀. "Ṣọ́ọ̀ṣì ti gbé Sámúẹ́lì lọ sí ìhà Bídà. Ọjọ́ Túsìdeè yìí ni wọ́n kó ẹrù."

Sátidé lòní. Sàlísù ka ọjọ́ náà lórí ìka rẹ̀, ó tún un kà, bí ẹni pé iye rẹ̀ lè yí padà. Ó na ọwọ́ sí orí bẹ́ǹṣì.

"Apá ibo ló ń jókòó sí?"

Pásítọ̀ fi hàn án. Ó sún lọ síbẹ̀, ó jókòó. Títì ló kọjú sí, ibi tí ọkọ̀ ti ń sọ èrò kalẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ló hàn kedere láti ibẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Nígbà tó yá, Pásítọ̀ mú bébà àti bírò wá. "Ẹ kọ̀wé sí i, Bàbá. Ó mọ ìkọ̀wé yín. Mo mọ ẹni tó lè mú un dé ọ̀hún."

Sàlísù gba bírò. Ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ní háráfì Lárúbáwá, ó kọ ọ́ dáadáa, ó sì dúró. Ó dá bírò padà.

"Ẹnu ara mi ni mo ní n ó fi pè é," ó ní. "Ẹnu kì í wọ inú àpò ìwé. Ibo ni wọ́n ti ń wọkọ̀ Bídà?"

"Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ẹ ò gbé aṣọ kankan dání."

"Òun náà dúró Sátidé mẹ́rin."

Pásítọ̀ sìn ín dé títì, ó bá a dá ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Ìlọrin dúró, ó sì sọ fún awakọ̀ pé kó fà á lé ẹni tó ń lọ sí Bídà lọ́wọ́. Sàlísù jókòó sídìí fèrèsé. Bí wọ́n ṣe kọjá Aṣẹ̀ṣẹ̀, ó gbìyànjú láti pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sókè, ìdajì rẹ̀ ló jáde. Ọdún mẹ́ta ni orúkọ náà kò ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un pè, obìnrin tó jókòó tì í yíjú wò ó. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún un pè.